Ọjọ́ Tí Ìdùnnú Lọ sí Sáríà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ náà tí Òkè fi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, tó kọrí sóko. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ bu omi bọ́jú. Christiana ìyàwó rẹ̀ gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún, ṣùgbọ́n ó rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni. Ìgbà tó gbé iṣu kaná tán, tó wá wo ara ògiri, tí kò rí ọkọ́ níbi tó máa ń wà, ni ara rẹ̀ wá tutù.

"Ìdùnnú," ó pe ọmọ rẹ̀, "bàbá rẹ ti lọ sóko."

Ìdùnnú wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù. "Oko kẹ̀, Màámi? Lónìí?"

"Lónìí ni mo wí."

Ọjọ́ yẹn ni Ìdùnnú ń lọ sí Sáríà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun ní iṣẹ́ ṣọ́jà. Òkè gan-an ló sì fọwọ́ sí i pé kó lọ. Òun ló tẹ̀ lé e dé Adó nígbà tí wọ́n ń yan èèyàn, òun ló dúró fún un bíi òbí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé tó sọ fún Christiana, ṣíbí ọbẹ̀ ni obìnrin náà gbé sílẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á ní, "Ìdùnnú, sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Òkè tó jókòó níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, á ní, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ." Ilé wọn ní Odò-Orò ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn fi nílò ẹni tó máa gbé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìdùnnú kì í ṣe aláìmọ̀wé. Ó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọdún kẹta rèé. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, nínú àpótí ìyá rẹ̀, láàárín aṣọ òkè àti kánfọ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Kòkòrò ò jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn náà ò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan, ibi tó jẹ́ pé ìlérí ni ẹni tó ni ín fi ń san owó oṣù. Ó ti kọ lẹ́tà títí ó fi sú u. Àwọn tí wọ́n jọ jáde, ẹni tó ń ta káàdì fóònù wà nínú wọn ní Ìkòlé, ẹni tó lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní Èkó wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n kéde pé ilé iṣẹ́ ológun ń wá èèyàn, tí wọ́n sì ní àwọn máa mú ọmọbìnrin díẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kàn lọ gba fọ́ọ̀mù ni.

Christiana gbé odó jáde. Ó da iṣu náà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Láyé ìgbà kan, bí ènìyàn bá jí ní Odò-Orò, ìró odó láti ilé dé ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Nísinsìnyí, àwọn tí apá wọn ká ọmọ odó ti bá ọ̀nà lọ, àwọn tó kù sílé ń se iṣu wọn jẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìró odó Christiana fi mú Morẹ́nikẹ́, tó ń ta ọ̀gì ní ojúlé kejì, jáde pẹ̀lú ìdérí ìkòkò lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìdùnnú. Mo gbọ́ ìró odó, mo ní ṣé àlejò wọlé ni."

"Àlejò kọ́. Ẹni tó ń jáde ni."

Morẹ́nikẹ́ fara ti òpó. "Òótọ́ ni o. Mo ti gbàgbé pé òní ni." Irọ́ ló pa, kò gbàgbé. "Wọ́n ní wọ́n máa ń gé irun wọn mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin níbẹ̀. Irun Ìdùnnú tó gùn dáadáa yẹn! Ta ni yóò wá fẹ́ obìnrin tó ń gbé ìbọn? Ọkùnrin wo ló máa lè bá a jiyàn?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí kò rí ẹni bá a rín, ó ní, "Ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú ṣá."

Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Christiana.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó wù ú?"

Morẹ́nikẹ́ wo ilẹ̀. Ó wo ìdérí ìkòkò rẹ̀. Ọmọ odó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi kọjá lójú ọ̀nà. Ó dúró díẹ̀ níwájú ilé, ó wo odó, ó wo àpò aṣọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Christiana yíjú sí odó, ó ń gún un kíkankíkan bí ẹni pé iyán náà ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúró títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo ìlú ló mọ ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Súnkànmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lọ sí Sáríà bákan náà. Láti ibẹ̀ ló bá àwọn mìíràn lọ sí Làìbéríà, pé kí wọ́n lọ pẹ̀tù sí ìjà àwọn ará ibẹ̀. Láti òjò èṣí, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́ nílé. Àwọn kan ní ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀, pé ayé ibẹ̀ ti dùn mọ́ ọn. Àwọn kan kì í sọ nǹkan kan, wọ́n kàn máa ń wo ìyá rẹ̀ sùn-ùn bó bá ti ń kọjá. Láti ọjọ́ tí orúkọ Ìdùnnú ti jáde, Christiana ò kí obìnrin náà mọ́. Bó bá rí i lọ́nà odò, á yà gba ibòmíràn. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Nígbà tí iyán délẹ̀, tí ọbẹ̀ délẹ̀, Ìdùnnú jókòó sídìí rẹ̀, kò na ọwọ́.

"Jẹun. Ọ̀nà jìn."

"Mo ń dúró de Bàbá."

"Bàbá rẹ ń ṣe ebè."

"Màámi, èmi ò lè kúrò nílé yìí láìjẹ́ pé bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mi ò lè lọ bí olè." Ó ti abọ́ ọbẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Àbí wọ́n ti kọ̀ mí ni?"

Christiana wo ìta. Oòrùn ti ń yọ lẹ́yìn àwọn igi kòkó. Olúwọlé, awakọ̀ kan ní Ìkòlé, ló fẹ́ wá gbé Ìdùnnú pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, ọ̀kan láti Ìrèlè, ọ̀kan láti Ayébòdé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Sáríà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni ní Adó. Ẹni tó bá pẹ́, kó padà sílé ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ pè wọ́n wá," Ìdùnnú ní.

"Ìwọ tí o ti wọ aṣọ ìrìnàjò? Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko á dé orúnkún rẹ. Jókòó, kó o jẹun. Èmi ni mo máa lọ."

Ó fi aṣọ bo iyán kó má tutù, ó so ìró rẹ̀ le, ó wọ sálúbàtà. Kò dì mọ́ ọn. Kò wojú rẹ̀ pàápàá, nítorí pé ó ń ronú ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún ọkùnrin tó wà lóko.

"Mò ń bọ̀," ó ní.

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Òjò ti rọ̀ lóru àná. Ọ̀nà oko ń yọ̀, ó sì gùn ju bó ṣe máa ń gùn lọ. Èébú ni Christiana ń tò jọ bó ti ń lọ. Á sọ fún un pé bàbá tó ta ọmọ rẹ̀ sójú ogun, tí kò wá lè wo ojú ọmọ náà, kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá. Á sọ fún un pé bí òun bá mọ̀, òun ì bá ti wá ilé ọkọ síbòmíràn. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà síta lẹ́ẹ̀kan, ẹyẹ kan fò lójijì nínú igbó, ó sì tijú.

Ó bá Òkè níbi tó jókòó sí, lórí ìtì ọ̀pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Ọkọ́ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, erùpẹ̀ kankan ò sí lára rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Gbogbo èébú náà fò lọ lórí Christiana.

"Bàbá Ìdùnnú," ó ní, "ọmọ ń dúró dè yín."

Òkè gbójú sókè. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ kí obìnrin náà pe òun. "Ṣé ó ti jẹun?"

"Kò jẹ."

"Ó yẹ kó jẹun."

"Ẹ dìde. Mọ́tò ò ní pẹ́ dé."

Kò dìde. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó, ọwọ́ àgbẹ̀, tí èékánná rẹ̀ ti nípọn. "Ìwọ rò pé mo fẹ́ kó lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

"Èmi ni. Nígbà tí wọ́n bi í ní Adó pé kí ló wá ṣe, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, 'Iṣẹ́ ni mo wá.' Ojú mi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Kí ni kí n wá sọ? Kí n ní kó padà wálé wá bá mi kọ ebè? Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ebi ló lé ọmọ yẹn. Àìwúlò ni. Ó ń jí láràárọ̀, ó ń gbálẹ̀ ilé, ó tún ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ṣé ìwọ ò rí i ni?"

Christiana ti rí i. Ó ti rí i lójoojúmọ́.

"Bí nǹkan bá ṣe é, ọwọ́ yìí ló ṣe é," Òkè ní. "Ọwọ́ yìí náà lo wá ní kí n gbé lé e lórí. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láàárọ̀. Mi ò lè wọlé."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò sí ohùn níbẹ̀ rárá. Christiana mọ̀ pé kò sí àyè, pé oòrùn ń gòkè. Síbẹ̀ ó jókòó tì í lórí ìtì ọ̀pẹ náà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó títí èjìká náà fi dákẹ́.

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Mo ti bínú tó. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n dìde. Òkè ò tilẹ̀ rántí mú ọkọ́. Wọ́n ń kánjú, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń di igi mú. Wọn ò tíì dé odò nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè mọ́tò lókèèrè, ó dún gan-an, ó dáwọ́ dúró, ó tún dún. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọkùnrin tí orúnkún ti ń dùn, ó sáré bí ọmọdé, Christiana sì ń pariwo tẹ̀ lé e, "Ẹ ní kí wọ́n dúró! Ẹ ní kí wọ́n dúró!" bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú igbó tó lè jíṣẹ́ náà.

Ìgbà tí wọ́n yọ síwájú ilé, àwọn obìnrin àdúgbò dúró káàkiri. Táyà mọ́tò ti fa ilà méjì gbọọrọ sínú ẹrẹ̀.

"Wọ́n ti lọ," Morẹ́nikẹ́ ní. "Ó dúró títí, Ìyá Ìdùnnú. Olúwọlé náà ṣe sùúrù. Àwọn ọmọ méjì inú mọ́tò ló ń pariwo pé àwọn máa pàdánù ọkọ̀ Adó. A ò mọ ohun tá a lè ṣe."

"Ṣé ó ń sunkún?" Òkè béèrè.

"Kò sunkún. Ọ̀nà oko ló ń wò."

Òkè yíjú padà, ó lọ sí ìta gbangba, ó dá ọlọ́kadà dúró, ó gbà á lọ sí Ìkòlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Odò-Orò ò tíì ní nẹ́tíwọ̀kì nígbà yẹn, Ìdùnnú náà ò sì ní fóònù. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè fi ké sí ẹni tó ti lọ.

Christiana wọlé. Ó ṣí aṣọ lórí iyán. Etí kan báyìí ni ọmọ náà ti bu òkèlè kan ṣoṣo. Ó bù ú wẹ́rẹ́, ó sì fi ọwọ́ tún ojú ibẹ̀ ṣe, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Christiana tún aṣọ náà bò ó.

Ọ̀sán yẹn gùn. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ẹnì kan ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Iṣẹ́ ìjọba ni o." Ẹnì kan ní ó sàn ju kó lọ sójú títì Èkó lọ. Òmíràn jókòó pẹ́, ó ń wo àwòrán Ìdùnnú lára ògiri, níbi tó ti wọ aṣọ oyè kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sáyà. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ̀yin méjì péré ló wá kù báyìí," ó sì kábàámọ̀ rẹ̀ kó tó délẹ̀kùn.

Òkè padà dé. Ẹni tó rí i kò ní láti bi í bóyá ó bá wọn. Ó jókòó sí orí pẹpẹ ìta, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ sún mọ́ wọn nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nǹkan kan wà tí mi ò fẹ́ sọ níwájú èrò. Ìyá Súnkànmí ló gbàdúrà fún un."

"Ta ni?" Christiana ní.

"Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Mo fẹ́ dá a dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ọmọ tirẹ̀..." Ó gbé ìyókù mì. "Òun ló gbé ọwọ́ lé e lórí. Bó bá jẹ́ tèmi ni, mo máa bẹ àlùfáà pé kí wọ́n bá mi tún àdúrà náà gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Christiana wo ọ̀nà ìparí àdúgbò. Obìnrin tí òun ti ń sá fún lójú ọ̀nà ló wá gbé ọwọ́ lé ọmọ òun lórí. Ó fẹ́ bínú, kò sì mọ ẹni tí ìbínú náà yẹ kó dojú kọ.

Òkè ló sọ̀rọ̀. "Kí ló sọ fún un?"

"Mi ò gbọ́. Ohùn rẹ̀ ò jáde."

Òkè wo ìyàwó rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ," ó ní. Òun gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn méjèèjì jọ rìn lọ sí ìparí àdúgbò, sílé Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí. Bó ti rí wọn, ó dìde, ẹ̀gúsí sì dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní kí wọ́n tó kí i. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kó jẹ́ èmi. Mo wà ní ulé nígbà tí mo gbọ́ fèrè mọ́tò, mo ní kí n yọjú. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó kọjú sí ẹnu ilẹ̀kùn yín, ó kúnlẹ̀ bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọn ń wo ara wọn, awakọ̀ ń fọn fèrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. N ò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú."

"A ò bá ìjà wá," Christiana ní. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún un?"

Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ohun tí mo máa ń sọ fún Súnkànmí láràárọ̀ náà ni. Kò sí ju ìyẹn lọ."

"Ẹ bá wa sọ ọ́," Òkè ní.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. Ó na ọ̀kan síwájú díẹ̀, bí ẹni tí orí kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré lóòótọ́.

"Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀, kó má yọ̀ ọ́. Omi tí o bá mu, kó má pa ọ́ lára. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn tó kù, kí wọ́n ka ìwọ náà mọ́ wọn. Uṣẹ́ tí o lọ ṣe, kó o ṣe é tán, kó o sì bọ̀. Ọ̀nà tó gbé ọ lọ, kó rántí orúkọ rẹ." Ó wo Christiana. "Kí ìyá rẹ má dà bí èmi."

Òkè kúnlẹ̀ láìmọ̀. "Àṣẹ," ó ní.

Christiana wo Òkè lórí ìkúnlẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀, lójú ẹni tó gbà á? Ó dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, òkùnkùn sì ń bo àwọn òrùlé páànù díẹ̀díẹ̀. Ní ìwọ̀n ìgbà yẹn, ọkọ̀ tó gbé Ìdùnnú yóò ti máa sún mọ́ Lọ́kọ́ja.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣe àmín, Ìyá Ìdùnnú," ó ní. "Kò dùn mí."

"Àmín," Christiana ní.